Ọjọ́ Tí Mo Kí Ìyá Àgbà Lórí Òkè Yìnyín

Òórùn òrí tó ń yọ́ nínú ìkòkò kékeré ló jí mi ní àárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá ní Mẹ́rílándì lásìkò tiwa, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Kì í ṣe òórùn dídùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Mọ́mì da àbóníkì sí i, wọ́n fi ṣíbí rò ó pọ̀, gbogbo ilé wa ní Hillcrest Heights sì gba òórùn náà kan. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Dádì wà níta, wọ́n ń ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀ fáànù wa, wọ́n sì ń kùn.

Mọ́mì pe èmi àti Tọ́pẹ́ àbúrò mi sí kíṣìnì, wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ wa, ó ku pátá, wọ́n fi òrí gbígbóná yẹn pa wá láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan aṣọ: síńgílẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà méjì, ṣòkòtò méjì, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kóòtù, fìlà. Nígbà tí wọ́n parí, Tọ́pẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, ò lè ká apá mọ́ra mọ́. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ pé òun ò lè mira.

"Ta ló ní kí o jó?" ni Mọ́mì dá a lóhùn, wọ́n sì tún ta ìborùn kan mọ́ ọn lọ́rùn.

À ń lọ síkì. Bẹ́ẹ̀ ni, síkì, eré àwọn tó máa ń so pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi máa yọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Àwa ọmọ nọ́ọ̀sì, àwa tí a ò rí òkè kankan rí ju àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo sì fa gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi.

Kérésì tó ṣáájú ìgbà yẹn, Mọ́mì lọ síṣẹ́. Ọjọ́ ọdún tuntun náà, wọ́n lọ síṣẹ́. Ṣíìfù oníwákàtí méjìlá ni wọ́n máa ń ṣe lọ́sibítù. Tí wọ́n bá wọlé, wọ́n á bọ́ bàtà funfun wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sùn sórí àga pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Dádì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Wọṣíńtọ̀nù, ló ń se ìrẹsì fún wa, ìrẹsì tó máa ń jóná nísàlẹ̀ tí á sì ṣì le lókè. Ọlidé wa ò ju ìyẹn lọ: ìrẹsì, tẹlifíṣọ̀n, ṣọ́ọ̀ṣì, àti fóònù Ìyá Àgbà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti fóònù yẹn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Dádì á ha káàdì fóònù, wọ́n á tẹ nọ́ńbà gígùn kan, wọ́n á pe ilé alábàágbé Ìyá Àgbà ní Ìbàdàn. Ìyá Mọ́mì ni Ìyá Àgbà, wọ́n á sì ti jókòó ti fóònù yẹn tipẹ́. Kí ohùn wọn tó wọlé, Mọ́mì á ti na ìka sílẹ̀: ẹ kúnlẹ̀. Tọ́pẹ́ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, wáyà fóònù á fà gùn títí dé etí rẹ̀. Èmi á kúnlẹ̀, mà á pariwo "Ẹ káàsán, Mà!" nítorí pé ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn. Mo bi Mọ́mì nígbà kan pé kí la ń kúnlẹ̀ fún nígbà tí Ìyá Àgbà ò kúkú rí wa.

Wọ́n ní, "Orúnkún tí kò tẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í rọ̀. Wọ́n á gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ."

Mi ò gbà wọ́n gbọ́, àmọ́ mo ń kúnlẹ̀. Ó wá wọ̀ mí lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá kàn pariwo pé Ìyá Àgbà wà lórí fóònù, ẹsẹ̀ mi á ti tẹ̀ kí orí mi tó gbọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú balùwẹ̀ rí, pẹ̀lú ọṣẹ lójú, mo sì fi orúnkún gbá ilẹ̀. Tọ́pẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí a wọlé ní oṣù kìíní, tíṣà wa, Mísìs Kólínsì, ní kí kálukú dìde kó sọ ohun tó ṣe nígbà ọlidé. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Tamíkà. Àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Camp Springs ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ṣọ́jà òfuurufú. Tamíkà ní àwọn lọ síkì. Gbogbo kíláàsì ṣe "háà!" Èmi ló kàn. Mo dìde, mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ìrẹsì, ẹnu mi sì sọ pé àwa náà lọ síkì.

Kò tán síbẹ̀ o. Mo ní orí òkè tó ga jù lọ ni mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní mi ò ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Mo ní Dádì mi ń pariwo nísàlẹ̀ pé kí n rọra, kí n rọra! Inú Mísìs Kólínsì dùn, wọ́n ní kí n mú fọ́tò rẹ̀ wá kí àwọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo ní ó dáa. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n béèrè, mo ní Mọ́mì gbàgbé. Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún ní Mọ́mì gbàgbé. Bí mo ṣe ko ìyá mi sínú irọ́ mi nìyẹn.

Ìpàdé òbí àti tíṣà ló tú mi fó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Mọ́mì wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn lọ́rùn, ojú wọn pọ́n fún àìsùn. Mísìs Kólínsì fi ẹ̀rín pàdé wọn, wọ́n ní ẹ kú ìsinmi o, Ayọ̀ ti ròyìn gbogbo bí ẹ ṣe gbádùn síkì fún wa, a ṣì ń retí fọ́tò. Mo gbájú mọ́ ilẹ̀. Mo mọ ojú tí Mọ́mì ń wò mí láìgbé orí sókè. Ẹ̀yin náà mọ ojú yẹn.

"Fọ́tò á dé," ni Mọ́mì sọ fún tíṣà, wọ́n sì mú mi lọ́wọ́ jáde.

A wọ ọkọ̀. A dé àdúgbò wa, wọ́n wakọ̀ kọjá ilé. Wọ́n ń lọ ṣáá, títí wọ́n fi páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì. Mo ń retí ìgbájú. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n kúkú gbá mi, kó parí.

"Ayọ̀, ta ló kọ́ ọ ní irọ́?" ni Mọ́mì bi mi. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ lọ ju oṣù kan lọ." Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú wọn. "Mo mọ̀ pé mi ò sí nílé ní Kérésì. Mo mọ̀, ó sì ń dùn mí. Ìyẹn ò ní kí o lọ ra ọlidé lọ́jà irọ́."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tẹ́rùn. Wọ́n wá sọ ìdájọ́ mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ìwé oògùn fún aláìsàn.

"Ohun tí o fi ẹnu sọ, ẹsẹ̀ rẹ ló máa lọ ṣe é. À ń lọ. Wà á sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ, ẹnì kankan ò ní dì ọ́ mú. Tí o bá ṣe é, mo ti ṣe tèmi, èyí tó kù di ọwọ́ rẹ. Tí o ò bá ṣe é, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa wọ kíláàsì yẹn ní Mọ́ńdè, níwájú gbogbo wọn, wà á sì sọ pé irọ́ lo pa. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Níwájú Tamíkà! Ó sàn kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Dádì rò pé iṣẹ́ òru ti da orí Mọ́mì rú. "Ìyá Ayọ̀, ṣé ara rẹ yá? Àwa tí à ń sá fún òtútù, a tún fẹ́ lọ bá a nílé? Nínú ìran wa, ta ló yọ̀ lórí yìnyín rí tí kì í ṣe pé ó ṣubú?"

"Nínú ìran wa, ta ló wọ bàlúù rí kó tó kan èmi àti ẹ̀yin?" ni Mọ́mì fèsì. Dádì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti tán. Mọ́mì gba iṣẹ́ òru méjì ṣe fún nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ wọn kan kí onítọ̀hún lè gba Sátidé ṣe fún wọn.

Báyìí la ṣe gbéra pẹ̀lú òrí lára. Ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà lẹ́yìn ọkọ̀, ife tíì gbígbóná wà lẹ́sẹ̀ Mọ́mì. Ó gbà wá ju wákàtí méjì lọ kí a tó wọ Pẹnsiliféníà, ìpínlẹ̀ tí òkè náà wà. Láàárín ọ̀nà, Dádì ṣí fèrèsé díẹ̀ láìka òtútù sí, wọ́n ní òórùn wa ò ní jẹ́ kí àwọn ríran.

Nígbà tí a débẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ní àdúgbò wa ní Mẹ́rílándì, àwa èèyàn dúdú la pọ̀ jù. Ibí yìí, àwa mẹ́rin la dá dúdú, Mọ́mì sì ti ró ìró àǹkárá lé ṣòkòtò wọn kí òtútù má bàa mú wọn níbàdí. Ojú tì mí díẹ̀, ẹ foríjì mí. Wàhálà àkọ́kọ́ ni bàtà. Bàtà síkì tí a háyà kọ̀, kò gba ẹsẹ̀ wa, nítorí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Arákùnrin tó ń yá wa ní bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn lẹ́sẹ̀ Tọ́pẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń là sí i. Nígbà tó dé orí ẹsẹ̀ gan-an, òrí jẹ́ kó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́mì ní, "Máa rẹ́rìn-ín lọ, ọmọ mi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní sán." Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́ fún un, òyìnbó náà sì mi orí.

Olùkọ́ tí wọ́n fún wa jẹ́ bàbá onírùngbọ̀n pupa kan. Ó kó àwa ọmọdé lọ sórí òkè kékeré, ibi tí okùn kan ti máa ń fa èèyàn gòkè. Gbogbo ohun tó ń wí ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ tẹ orúnkún yín, ẹ má na ẹsẹ̀ gan-an. Tọ́pẹ́ gbọ́, tàbí kò gbọ́, èmi ò mọ̀. Ó ṣáà yọ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dé ìsàlẹ̀, ó ní òun tún fẹ́. Èmi na ẹsẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù ló na ẹsẹ̀ mi. Mo fi ìdí lélẹ̀ gbì.

Mo dìde, mo ṣubú. Wọ́n gbé mi dìde, mo ṣubú sórí ọmọ ẹlòmíràn. Yìnyín wọ inú ọrùn mi, ó wọ inú ìbọ̀wọ́ mi, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán. A jẹ ìrẹsì wa nínú ọkọ̀, mo padà lọ, mo tún ṣubú. Olùkọ́ onírùngbọ̀n pupa ń pariwo orúnkún, orúnkún! Mo gbọ́ ohun tó ń wí. Orúnkún mi ni kò gbọ́.

Aago mẹ́rin la gbọ́dọ̀ dá bàtà àti pákó padà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Dádì wo aago, wọ́n wo èmi tí mo dùbúlẹ̀ ní ìdajì òkè. Mo ń gbọ́ wọn. "Ìyá Ayọ̀, ó ti tó. Ọmọ náà ti gbìyànjú."

Mọ́mì ká ìró wọn sókè, wọ́n gun òkè náà wá bá mi pẹ̀lú bàtà lásán, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n fi ọwọ́ nọ́ọ̀sì wọn tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi, wọ́n tẹ orúnkún, wọ́n tẹ ọrùn ọwọ́. "Kò sóhun tó ṣẹ́. Dìde."

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ó ti ń bà mí láti ilé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, Ayọ̀. Padà lọ sókè."

Mo wo ìró wọn tó ti rin gbingbin. Mo rántí iṣẹ́ òru méjì. Inú bí mi sí òkè náà, ó bí mi sí Tamíkà, ó bí mi sí ẹnu ara mi jù lọ. Mo di okùn náà mú, ó fà mí gòkè, mo sì sọ nínú mi pé bó bá ṣe pé orí ni mo fẹ́ fi sọ̀ kalẹ̀, màá sọ̀ kalẹ̀.

Lókè, èmi nìkan ló kù. Mo wo ìsàlẹ̀. Dádì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, Tọ́pẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Mọ́mì ti sáré padà sísàlẹ̀. Mo ti ara mi síwájú. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹsẹ̀ mi tún na gan-an, ara mi ń fà sẹ́yìn, mo mọ̀ pé ó ti tún ṣẹlẹ̀. Mo ti di ojú.

Ìgbà yẹn ni ohùn Mọ́mì ta wá láti ìsàlẹ̀, ohùn tí wọ́n fi ń jí wa lọ sílé ìwé: "Ayọ̀ o! Ìyá Àgbà wà lórí fóònù! Kí wọn!"

Orúnkún mi tẹ̀. Mi ò rán an níṣẹ́, ó kàn tẹ̀ ni. Ara mi tẹ̀ síwájú, pákó méjèèjì di ilẹ̀ mú, mo la ojú, mo sì rí i pé mò ń lọ, mo ṣì dúró! Kí ni kí n wá ṣe? Mo ń kí wọn. "Ẹ káàsán, Mà! Ẹ káàsán, Mà!" ni mò ń pariwo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn òyìnbó yà fún mi. Olùkọ́ onírùngbọ̀n pupa sọ fìlà rẹ̀ sókè. Mo yọ̀ títí dé iwájú ìyá mi, mo dúró níbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara mi, pẹ̀lú orúnkún títẹ̀.

Mọ́mì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyá Àgbà ní o kú iṣẹ́," ni wọ́n sọ. Wọ́n wá fà mí mọ́ra, mo sì gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń lù kìkì lábẹ́ kóòtù.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì lọ fọ fọ́tò náà. Ó dára ju bí mo ṣe rò lọ. Èmi nìyẹn lórí yìnyín, orúnkún títẹ̀, ẹnu lílà, Ìyá Àgbà ló kù tí kò sí níbẹ̀. Àmọ́ kámẹ́rà Dádì jẹ́ irú àwọn tó máa ń tẹ ọjọ́ sí igun fọ́tò pẹ̀lú nọ́ńbà pupa. Nọ́ńbà oṣù kejì ló wà níbẹ̀ gbàgàdà, èmi sì ti sọ fún gbogbo ayé pé Kérésì ni.

Mo wá sísọ́ọ̀sì nínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnì. Igun kékeré lásán ni, kò ju èékánná lọ. Tí mo bá gé e, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ti la sísọ́ọ̀sì náà nígbà tí Mọ́mì wọlé wá gbé omi mu kí wọ́n tó lọ síṣẹ́. Wọ́n rí fọ́tò, wọ́n rí sísọ́ọ̀sì. Wọ́n mu omi wọn tán, wọ́n fọ ife, wọ́n sì jáde. Wọ́n ti sọ pé èyí tó kù di ọwọ́ mi.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Mo dá sísọ́ọ̀sì padà.

Ní Mọ́ńdè, mo fa fọ́tò náà lé Mísìs Kólínsì lọ́wọ́, mo sì sọ níwájú gbogbo wọn pé kí wọ́n wo igun rẹ̀, pé ìgbà tí mo sọ ọ́ mi ò tíì lọ, ìjẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Tamíkà ló gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣé o ṣubú?"

"Mi ò lè kà á."

"Èmi náà ṣubú," ló wí, "mi ò kàn sọ ni." Mísìs Kólínsì lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri pẹ̀lú igun rẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì dé láti ibi iṣẹ́, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Bọ́ bàtà mi fún mi."

Mo ti dàgbà ju Mọ́mì ìgbà yẹn lọ báyìí. Dádì ti lọ sinmi. Mọ́mì fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí Ìbàdàn, àwọn gan-an ti di Ìyá Àgbà tó ń dúró ti fóònù. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì mi ní Cheverly kí wọn. Ó sì ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń sọ fún wọn, lórí ìkúnlẹ̀, pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, Mà. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Sátidé tó kọjá, bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, Mofẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti wá padà síbi iṣẹ́ ni?"

Mo lọ wá fọ́tò náà jáde. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ di sísọ́ọ̀sì mú lọ́jọ́ náà, kò gé igun rẹ̀. Èmi àgbàlagbà ti ń gé igun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Òní ni Sátidé. Mo ti pe Mofẹ́ wá jókòó tì mí, kó gbọ́. Fóònù ń dún ní Ìbàdàn. Wọ́n gbé e.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Mo ti ń purọ́ fún yín."